Ikùn ni Táǹkì Gáàsì: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ọ

Ẹ̀yin tó ń sin màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìyẹ ní Àkúrẹ́, Ìjù, Ìta-Ògbólú dé Oǹdó, bí gáàsì ìdáná tí ẹ ń rí látinú ìgbẹ́ ẹran nínú táǹkì yín bá dínkù, ẹ má tíì gbé garawa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: iná rọ̀, wọ́n bá tún da ìgbẹ́ sí i, ó sì kú pátápátá.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́ nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Àwọn kan ń jẹ ìgbẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan. Wọ́n yára. Àwọn mìíràn ń jẹ omi kíkan yìí, àwọn ló ń bí mẹ́tẹ́ènì, gáàsì tó ń jó gan-an. Àwọn wọ̀nyí ń falẹ̀, bí kíkan bá sì pọ̀ lápọ̀jù, wọ́n á dáwọ́ dúró. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kó ìṣirò gbogbo èyí jọ, wọ́n pè é ní ADM1. Kò sí àgbẹ̀ tó nílò rẹ̀. Bírò àti bébà ti tó.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ fi ìgbẹ́ màlúù kílò 25 pò mọ́ omi lítà 25 lójoojúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi lítà 50. Ní ilẹ̀ wa tó móoru, ó yẹ kó lo nǹkan bí ọjọ́ 40 nínú táǹkì. Ẹ fi 50 lọ́nà 40: lítà 2,000. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún gáàsì lókè, kí táǹkì tó 2,500. Gáàsì ọjọ́ kan á tó se oúnjẹ fún bíi wákàtí 2 lórí sítóòfù kan. Ẹni tó bá da ìlọ́po méjì sínú táǹkì kan náà ti lé ìgbẹ́ jáde kó tó dà.

Èèpo gbágùúdá ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ níbí, torí ó pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń yára kan. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, kó má pọ̀ jù ú. Ìgbẹ́ adìyẹ ń ṣe òdìkejì: náítírójìn, èròjà ajílẹ̀, inú rẹ̀ pọ̀ jù fún kòkòrò náà, torí náà ẹ fi omi tó pọ̀ pò ó, kó ṣàn, kó má ki.

Láti mọ bí ara táǹkì ṣe rí, ẹ ra bébà pH tí ń yí àwọ̀ padà nínú omi, irú tí wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ láti mọ bí omi ṣe kan tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó. Láàárín 6.8 sí 7.5 ló dára. Bó bá wá sí abẹ́ 6.5, ẹ má bọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi omi eérú díẹ̀ pò ó, ẹ máa ru ú. Iná aláwọ̀ búlúù tó dúró gírí ni àmì ìlera.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bu ohun inú àpòlúkù màlúù sí i láti ibi tí wọ́n ti ń pẹran. Á yára gbéra. Ẹ tú gáàsì àkọ́kọ́ dànù, kì í sábà jó. Bí ọyẹ́ bá mú, kòkòrò náà á falẹ̀, ẹ dín oúnjẹ kù. Táǹkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ò ní tutù tó èyí tó wà lójú afẹ́fẹ́.

Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù, kí ẹ wo ibi tó ń hó. Ẹ má ṣe fi iná wá a! Òórùn ẹyin jíjẹrà tí ẹ ń gbọ́ jẹ́ májèlé, ẹ sì má wọ inú táǹkì láé, bó tilẹ̀ ṣófo.

Omi tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, nǹkan bíi lítà 50 lójúmọ́, ajílẹ̀ gidi ni. Ẹ da á sí ìdí kòkó tàbí ẹ̀fọ́, kì í ṣe sórí ewé.