Bẹ́ ẹ ṣe lè máa rántí ọjọ́ ogbó àti ikú láìjáyà
Thich Nhat Hanh, mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà, ará Vietnam, tó kú ní 2022 lẹ́ni ọdún 95, máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní nǹkan márùn-ún tí Buddha, tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, ní ká máa rántí lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù o, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa mí wọlé mí jáde, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sínú pé màá darúgbó, màá ṣàìsàn, màá kú, màá fi gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn sílẹ̀, ìwà tí mo hù nìkan ló máa bá mi lọ. Ẹlòmíì á ti máa ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", ẹ fara balẹ̀ jàre, kì í ṣe èpè. Tẹ́rù bá dé, ẹ má lé e, ẹ ṣáà máa mí lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Thich Nhat Hanh náà ní 2014, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ní 2018 ló padà sí tẹ́ḿpìlì tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́ǹkì ní ìlú Huế ní Vietnam, ibẹ̀ náà ló sì kú sí.