Abẹ́ igi irú ni mo ti ń bu oògùn ọmọ igi

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin ọmọ kajú fún títà, náílọ̀n 400 ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ kànga ní Ìgbájà níbí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó lé ní 200 tó ti dùbúlẹ̀. Ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ibi tí ọrùn ti kan iyẹ̀pẹ̀ ti dúdú, ó sì fún pinpin bí ìgbà tí wọ́n fi òwú so ó. Mo fi ìka fa ọ̀kan, ó já. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe mí.

Ayé kọ́, omi ni. Mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, mo tún ń bomi rin wọ́n nírọ̀lẹ́, inú náílọ̀n kì í gbẹ láéláé. Àwọn ohun àìfojúrí kan wà nínú iyẹ̀pẹ̀, Pythium àti Rhizoctonia lorúkọ wọn, ibi tí omi bá dúró sí ni wọ́n ti ń jayé. Mo ra oògùn tó ń pa wọ́n, mo fọ́n ọn. Ikú dúró lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó kù ò kú, wọn ò sì dàgbà. Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Mi ò lépa àtipa gbogbo ohun tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ ni mò ń kó wọlé, kí ọ̀tá má ráyè jókòó.

Méjì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mycorrhiza ni èkíní, olú kan tó ń wọnú gbòǹgbò, tó sì ń na okùn tín-ínrín lọ síbi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ò lè dé. Ó ń bá igi wá omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ kan tí igi ń rí nínú ilẹ̀, igi náà ń fún un ní ṣúgà tí ewé sè. Trichoderma ni èkejì, olú lòun náà, àmọ́ ọdẹ ni ní tirẹ̀: ó ń lọ́ mọ́ olú burúkú lára, ó ń jẹ ẹ́.

Ti mycorrhiza ò gba owó, sùúrù ló gbà. Bó bá ti di oṣù kẹjọ, mo máa ń lọ sábẹ́ igi irú àgbà kan lóko bàbá mi, tó ti ń so kí wọ́n tó bí mi. Mo ń gbá ewé kúrò, mo ń wa iyẹ̀pẹ̀ òkè, kò jìn ju 15 sẹ̀ntímítà lọ, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ti pọ̀ bí irun. Ẹ má ṣa gbòǹgbò yẹn dànù, òun gan-an lẹrù. Igi tó ń ṣàìsàn, ẹ má dé abẹ́ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ oko tòmátò náà, ẹ fi sílẹ̀, aràn tó ń jẹ gbòǹgbò ń gbénú rẹ̀.

Garawa 1 iyẹ̀pẹ̀ yìí, garawa 3 yanrìn odò tí mo ti yan nínú agbada tí mo sì ti jẹ́ kó tutù, mo pò wọ́n pọ̀ sínú ike tí mo ti lu ìdí rẹ̀. Mo wá gbin ọkà bàbà sí i, kí olú lè máa pọ̀ sí i lára gbòǹgbò rẹ̀. Àgbàdo náà dára. Tẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ má gbìn, olú yìí kì í bá a rẹ́.

Ọmọ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bu NPK, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, sí ike kan. Ó ní, “Màmá, ọkà yẹn ti ń pọ́n, ebi ló ń pa á.” Ike yẹn ò wúlò fún mi lọ́dún náà. Ebi yẹn ni mo fẹ́! Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti kún ilẹ̀, kí ni ọkà fẹ́ fi olú ṣe? Ta ló ń pe alágbàro nígbà tí oko ti mọ́?

Lẹ́yìn oṣù 3, mi ò bomi rin ín mọ́ fún ọjọ́ 10. Bí ọkà bá ti ń kú lọ, olú á rọ ọmọ sílẹ̀. Mo gé orí ọkà kúrò, mo fi àdá gé gbòǹgbò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sá a pẹ̀lú yanrìn rẹ̀ sábẹ́ ibòji, mo dì í sápò. Ọyẹ́ á dé bá a nínú yàrá.

Trichoderma ní tirẹ̀, rírà ni. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ rẹ̀ sójú oòrùn. Mo ti rà á bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹ̀fun lásán ni mo gbé wálé. Ohun alààyè ni, ooru ń pa á. Báyìí ni mo ṣe ń dán an wò: mo bu díẹ̀ sórí ìrẹsì sísè tó ti tutù, mo dé e. Láàárín bí ọjọ́ 5, òwú funfun á bò ó, òwú yẹn á wá di àwọ̀ ewé. Tó bá jẹ́ pé dúdú ló hù, tàbí tó ń rùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ìrẹsì yẹn kì í ṣe oúnjẹ adìyẹ o.

Kó lè pọ̀, mo ń po 100 gíráàmù rẹ̀ mọ́ 10 kílò bọ́tọ tó ti jẹrà tí kò gbóná mọ́. Ẹ wọ́n omi sí i títí tó fi máa tutù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ kán. Ẹ fi àpò bò ó lábẹ́ ibòji, ẹ máa yí i ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ 15 ló tó.

Ní oṣù kìíní, mo ń tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí mo fẹ́ rọ sí náílọ̀n sójú oòrùn, mo ń rin ín, mo ń fi náílọ̀n tó mọ́ gaara bò ó fún ọ̀sẹ̀ 6. Ooru á pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀tá. Á pa lára àwọn ọ̀rẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń dá wọn padà: garawa 6 iyẹ̀pẹ̀, 2 yanrìn, 1 bọ́tọ tó ní Trichoderma. Ti mycorrhiza, ẹ̀kúnwọ́ kan ni, abẹ́ wóró gan-an sì ni, kí gbòǹgbò àkọ́yọ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ má fọ́n ọn sókè náílọ̀n.

Kajú tó bá léfòó lómi, ẹ má gbìn ín. Wóró irú le bí òkúta, omi híhó ni mo ń dà lé e, mo sì ń fi sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tó ń lo omi ẹ̀rọ, ẹ bù ú sínú garawa tó ṣí sílẹ̀ títí dọjọ́ kejì kí kilorí-ìnì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, fò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó, láàárọ̀, ìyẹn tí ìka bá wọ iyẹ̀pẹ̀ tí kò bá ọ̀rinrin. Oògùn tó ń pa olú, ẹ má fọ́n ọn mọ́, ẹ ò lè gba ọdẹ síṣẹ́ kẹ́ ẹ tún máa yìnbọn lù ú.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé irú ń bí kókó sí gbòǹgbò bí ẹ̀wà, torí pé ó ń so pódi. Kì í bí i. Igi agunmániyè ló ń bí i. Tẹ́ ẹ bá rí kókó lẹ́sẹ̀ agunmániyè, ẹ fi ìka ra á: èyí tó dára á ré bọ́, tẹ́ ẹ bá sì fi èékánná là á, inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹran. Èyí tí kò bọ́, tó jẹ́ pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, iṣẹ́ aràn ni. Ẹ sun ún.

Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹfà, mo máa ń ya náílọ̀n kan lójú oníbàárà. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Òfà pariwo pé, “Ìyá, ẹ ti ba ọjà jẹ́!” Mo gbọn gbòǹgbò náà, iyẹ̀pẹ̀ ò dà nù, ó rọ̀ mọ́ ọn bí irun àgùntàn. Ọgọ́ta ló rà. Mo ní kó má gbọn ìkankan lóko, kó sì da ìyókù inú náílọ̀n sínú kòtò pẹ̀lú igi.