Tíkẹ́ẹ̀tì Ọlọ́pàá Kì í Ṣe Bébà Àkàrà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí iṣẹ́ ẹran ní àwọn ìlú kéékèèké Iowa, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Bí ọlọ́pàá bá tanná lẹ́yìn yín, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ pé ẹ ń lọ kí ọ̀gá. Ẹ má sì fowó há inú láísẹ́ǹsì o! Ó tán.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá já fún yín gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdún tí mo dé ni wọ́n já ti eré sísá fún mi. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Mo kó kúrò nílé yẹn, lẹ́tà ń lọ síbi tí mi ò sí mọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì mi nítorí owó ìtanràn tí mi ò san. Èmi ń wakọ̀ lọ síṣẹ́ òru ní tèmi, àfìgbà tí iná ẹ̀yìn kan kú, tí ọlọ́pàá dá mi dúró. Ṣẹkẹṣẹkẹ ló kàn.

Inú àtìmọ́lé ni mo ti bá ọmọ Guatemala kan tá a jọ ń gé ẹran. Kò jalè, kò jà. Ó wakọ̀ láìní láísẹ́ǹsì ni. Iowa kì í fún ẹni tí kò níwèé ìgbélùú. Minnesota tó wà lókè wa ti ń fún wọn láti oṣù kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n tẹ ìka àwa méjèèjì. Ìka tí wọ́n bá tẹ̀ níbẹ̀, ó ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Gíríìn káàdì ló yọ mí. Òun, àwọn ICE, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àwọn àjèjì tí kò níwèé, ló wá gbé e. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni bàtà rọ́bà rẹ̀ fi wà níwájú lọ́kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yá àwọn tí kò níwèé ní mọ́tò nítorí tamale gbígbóná, mọ́ínmọ́ín àgbàdo tiwọn, ṣé ẹ ti gbọ́? Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ẹ má fún wọn ní kọ́kọ́rọ́!

Ẹ má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni wọ́n tí wọ́n bá ń sá fún ọlọ́pàá. Ní Postville, ìlú kékeré kan ní Iowa níbí, lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2008, èèyàn 389 ni wọ́n kó nílé iṣẹ́ ẹran. Ìjọba àpapọ̀ ló kó wọn, kì í ṣe ọlọ́pàá ìlú, àmọ́ ta ló ń dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ? Àwọn olè náà mọ̀ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n. Alẹ́ ọjọ́ tí àwọn tí kò níwèé bá gbowó iṣẹ́ ni olè ń ká wọn mọ́, nítorí wọn ò ní pe 911, nọ́ńbà ọlọ́pàá.

Bí ẹ bá kó lọ sílé míì, ọjọ́ 10 péré lẹ ní láti sọ fún USCIS, àjọ tó ń rí sí ìwé àwọn àjèjì. Ẹ tún sọ fún àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Ẹ dìde, ẹ lọ wo dúrọ́ọ̀ yín.