Ìrìn àkọ́kọ́ lórí òkun pẹ̀lú káyàkì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà ìpalẹ̀mọ́

Etíkun ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì, láti Oban gòkè lọ sí Arisaig, Mallaig àti erékùṣù Skye, ni ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ káyàkì (ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù) wíwà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń forí lé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn síta fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Erékùṣù kéékèèké pọ̀ níbẹ̀ tó ń gba ìgbì dúró, òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2003 sì fún èèyàn láyè láti pa àgọ́ sí etí omi, bí kò bá ti ba oko tàbí ilé ẹlòmíràn jẹ́. Ibi tó dára gan-an láti bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí òkun ibẹ̀ ń fìyà jẹ, láti ilé ni wọ́n ti di ìyà náà mọ́ ẹrù.

Àpò ńlá kan ṣoṣo

Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa gbé àpò pọ̀n kiri orí òkè á lọ ra àpò aláìgbomi oní-lítà 60, á kó gbogbo nǹkan sí i. Kò ní wọlé. Káyàkì òkun gùn tó mítà márùn-ún, àmọ́ ihò ìkẹ́rùsí tó wà níwájú rẹ̀ sábà máa ń rí róbótó, kì í sì í fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 lọ. Inú rẹ̀ gbẹrù, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á. Àpò kéékèèké ni kí o rà, oní-lítà 5 sí 13, kí méjì nínú wọn ṣe ṣóńṣó kí wọ́n lè dé ìkángun iwájú àti ẹ̀yìn. Má ṣe kún àpò kankan dé ẹnu. Tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ká ẹnu rẹ̀ ní ìká mẹ́ta ó kéré tán, kí o tó de ìdè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kò tó, omi á rí ọ̀nà gbà wọlé.

Má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìdérí ihò náà. Omi díẹ̀ á ṣáà wọlé. Àpò ìsùn àti aṣọ gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Àgọ́ ní tirẹ̀, tú u ká: ọ̀pá rẹ̀ lọ́tọ̀, kí o tì í sí ẹ̀gbẹ́ àpótí skeg lẹ́yìn (skeg ni ìyẹ́ kékeré tí a ń tì sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kó lè máa lọ tààrà), aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí o fún un sí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn náà ni kí o ti gbé káyàkì sílẹ̀ nínú àgbàlá, kí o kó gbogbo ẹrù sí i, títí kan omi mímu, kí o sì ya fọ́tò ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ háyà káyàkì ni, pe àwọn tó ni ín lórí fóònù, béèrè bí ẹnu ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ohun tí kò bá wọlé ní àgbàlá, ilé ni kó kù sí. Má ṣe so ó mọ́ orí ọkọ̀: atẹ́gùn á rí ohun gbá mú, ọkọ̀ á máa fì, bí o bá sì dojú dé, ẹrù náà ni yóò dènà rẹ nígbà tí o bá fẹ́ gun orí ọkọ̀ padà. Àjẹ̀ àfirọ́pò, máàpù, kọ́ńpáàsì àti pọ́ọ̀ǹpù nìkan ló ní iṣẹ́ lórí ọkọ̀.

Ìwúwo tó wà níbi tí kò yẹ

Omi, gáàsì àti oúnjẹ agolo, ìtòsí ìjókòó ni ààyè wọn, nísàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn. Ohun fífúyẹ́ bí àpò ìsùn ló ń lọ sí ìkángun méjèèjì. Bí iwájú bá wúwo jù, imú ọkọ̀ á rì mọ́lẹ̀, atẹ́gùn á máa gbá ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á sì máa yí ojú sí atẹ́gùn ṣáá láìka bí o ti ń túkọ̀ tó. Skeg nìkan lè má tó láti tún un ṣe. Bí ẹ̀yìn ló bá wúwo jù, òdì kejì rẹ̀ ni: ọkọ̀ á kọ̀ láti dojú kọ atẹ́gùn, ìyẹn sì burú jù bí ilẹ̀ tí o fẹ́ dé bá wà lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Kí o tó wọlé, jẹ́ kí ọkọ̀ léfòó nínú omi tó mu ọ́ dé orúnkún, kí o fẹ̀gbẹ́ wò ó. Àpò omi oní-lítà méjì tí o bá ṣí nípò lè tún un ṣe.

Káyàkì òfìfo tó nǹkan bíi kílò 25. Ẹrù ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú omi lè jẹ́ 40. Ènìyàn méjì kò gbọ́dọ̀ gbé e bẹ́ẹ̀ kọjá lórí òkúta. Ẹ̀yìn wọn á ro wọ́n, ara ọkọ̀ náà á sì sán. Ìtòsí omi ni kí ẹ ti kẹ́rù. Báàgì Ghana Must Go méjì ló ń yanjú ọ̀rọ̀ kíkó àpò wẹ́wẹ́ láti mọ́tò dé etí omi. Tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ ká a pẹlẹbẹ sẹ́yìn ìjókòó.

Káyàkì tó kún fún ẹrù kì í ṣe èyí tí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ó lọ́ra láti gbéra, ó lọ́ra láti dúró, gbígbé imú rẹ̀ sókè láti da omi inú rẹ̀ nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ kó ẹrù kún un, ẹ dà á dé nínú omi tí kò jìn, kí ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù gbọ́n ọn bí ẹni méjì ti lè ṣe é, kí ẹ tó lọ.

Omi àti oúnjẹ

Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́ ni kí o fi ṣírò, mímu àti sísè pọ̀. Àpò oní-lítà 2 sí 4 ló dára. Kẹ́ẹ̀gì ńlá kì í wọ ihò. Odò kéékèèké wà ní Skọ́tlándì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgùntàn àti àgbọ̀nrín ń jẹ̀ lókè wọn, nítorí náà sè é tàbí kí o fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ. Àwọn erékùṣù tóótòòtó iwájú Arisaig, tí iyanrìn funfun wọn máa ń fa èèyàn mọ́ra, kò ní odò tí o lè gbọ́kàn lé.

Gaàrí dára fún irú ìrìn yìí: ó fúyẹ́, kò nílò iná. Àmọ́ omi mímu rẹ ló ń mu, kà á mọ́ lítà mẹ́rin yẹn. Ẹ̀wà tútù ńkọ́? Má dán an wò. Agolo gáàsì oní-gíráàmù 230 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó jinná. Èyí tó ń jinná ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí o kó. Oúnjẹ ọ̀sán gbọ́dọ̀ wà nínú ihò kékeré ẹ̀yìn ìjókòó, níbi tí ọwọ́ lè tó o láìgúnlẹ̀.

Aṣọ tó bá ọjọ́ mu tí kò bá omi mu

Ní oṣù karùn-ún, oòrùn lè ràn kí ara máa gbóná, kí òkun náà ṣì wà ní nǹkan bíi 8 sí 10 °C. Nínú oṣù kẹjọ pàápàá, kì í sábà ju 14 lọ. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ á fa èémí lójijì láìfẹ́, láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni omi ti ń wọ ọ̀fun. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka á ti di igi, kò ní lè di okùn mú. Drysuit (aṣọ àwọ̀lékè tí omi kì í wọ̀), pẹ̀lú aṣọ onírun àgùntàn tàbí polyester lábẹ́ rẹ̀, ni kí o wọ̀. Aṣọ òwú ń mu omi, kì í múni lóoru tó bá ti tutù. Ẹ̀wù ìléfòó wà lọ́rùn ní gbogbo ìgbà tí o bá wà lórí omi. Aṣọ ibùdó jẹ́ ti ibùdó: àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ aṣọ tútù padà bó ti wù kó korò tó, kí èyí tó gbẹ lè ṣẹ́ kù fún alẹ́.

Ṣíṣírò òkun bí títì márosẹ̀

Ibí yìí gan-an ni ìrìn púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Èèyàn á fi rúlà wọn máàpù, á ní kílómítà 30 lójúmọ́. Káyàkì tó kẹ́rù ń lọ ní nọ́ọ̀tì mẹ́ta, ìyẹn kílómítà márùn-ún ààbọ̀ ní wákàtí kan, bí atẹ́gùn kò bá sí. Kílómítà 15 ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, má ju 20 lọ lọ́jọ́ tó kù.

Ìṣàn omi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Kyle Rhea, láàárín Skye àti ilẹ̀ ńlá, ó lè dé nọ́ọ̀tì mẹ́jọ nígbà tó bá le jù, ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí oṣù bá lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú. O kò lè tukọ̀ bá a jà. Corryvreckan, ọ̀nà omi tóóró tí omi rẹ̀ ń yí po láàárín erékùṣù Jura àti Scarba, kò sí nínú ìrìn àkọ́kọ́ rárá. Fi ìrìn rẹ sí ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì. Ìṣàn máa ń rọlẹ̀ nígbà náà. Kí o sì wo orí ìwé tó ń sọ àkókò tí òkun ń kún àti èyí tó ń fà dáadáa: púpọ̀ nínú wọn ń lo GMT, o ní láti fi wákàtí kan kún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wákàtí kan yẹn ti tó láti ba nǹkan jẹ́. Wo Loch Moidart, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ yí erékùṣù Eilean Shona tó wà níbẹ̀ ká gbọ́dọ̀ débi ìkọjá àríwá nígbà tí òkun bá kún, torí ó máa ń gbẹ. Bí o bá pẹ́, wàá máa wọ́ kílò 65 lórí ẹrẹ̀ àti ewéko òkun.

Gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ Met Office (iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba) fún omi etíkun ní àárọ̀ àti alẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn Force 4, nọ́ọ̀tì 11 sí 16, jẹ́ ìdí láti jókòó sí ibùdó. Atẹ́gùn tó bá pàdé ìṣàn lójúkojú máa ń gbé ìgbì dìde gan-an. Bí o bá gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni kí o ṣètò. Ohun tó ń mú èèyàn kọjá omi ní ọjọ́ tí kò yẹ kì í sábà jẹ́ àìmọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé ni, àti tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí wọn kò ní dá owó rẹ̀ padà.

Ibùdó

Ní agbègbè Arisaig, òkun lè ga ju mítà mẹ́rin lọ láàárín fífà àti kíkún. Gbé káyàkì kọjá ìlà ewéko òkun tó ga jù, kí o sì so ó mọ́ nǹkan. Láti ìparí oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, kòkòrò midge á jẹ ọ́ bí atẹ́gùn bá dákẹ́, nítorí náà mú àwọ̀n ojú dání. Ṣọ́bìrì kékeré wà fún ìgbọ̀nsẹ̀. Jìnnà sí odò.

Fóònù nìkan

Ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ojú fóònù kì í sì gbọ́ ìka tútù. Rédíò VHF alámùúlọ́wọ́ ni kí o so mọ́ ẹ̀wù ìléfòó, Channel 16 ni ti ìpè ìrànlọ́wọ́. Òkè gíga lè dí i, nítorí náà ni PLB, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìpè ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, fi dára pẹ̀lú rẹ̀. Forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Méjèèjì wà lára rẹ, kì í ṣe nínú ihò ẹrù.

Fi ìwé sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé: ọ̀nà tí ẹ máa gbà, iye yín, àwọ̀ káyàkì kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí, àti aago kan pàtó. Má sọ pé “tó bá di alẹ́”. Sọ pé: “Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù láìgbọ́ ohùn wa, pe 999, béèrè fún Coastguard (ẹ̀ṣọ́ etíkun).” Tí ẹ bá sì gúnlẹ̀, ẹ pè é kí ẹ tó bọ́ bàtà, kí wọ́n má baà máa fi hẹlikópítà wá ẹni tó wà ní Mallaig tó ń jẹ ẹja díndín.