Bí mo ṣe yan gìtá oníná olówó ńlá: ọrùn ni mo kọ́kọ́ wò

Gìtá oníná tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ń ṣe ní ìwọ̀nba, irú èyí tí Suhr ń ṣe ní California tàbí Nik Huber ní Jámánì, kì í ṣe ọjà olówó kékeré. Púpọ̀ nínú owó náà ló sì máa ń bá ojú igi lọ: maple tí iṣan rẹ̀ ń jó bí ahọ́n iná, ọ̀dà tó ń dán bíi dígí. Etí kì í gbọ́ ìkankan nínú wọn. Gìtá méjì ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fún jùjú àti orin ìyìn l'Ékòó. Ọ̀kan jẹ́ igi mahogany, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, ó sì wúwo tó 4.1 kg. Èkejì jẹ́ igi alder, sùkúrù mẹ́rin ló di ọrùn rẹ̀ mú, 3.3 kg. Ẹni tó bá ti gbé gìtá kọ́ èjìká ní òde àríyá títí di ìdájí mọ ohun tí 0.8 kg jẹ́.

Mi ò tíì fi wáyà kan amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, tí mo fi yẹ ọrùn wò. Pickup, ohun tó ń gba ìró okùn sínú wáyà, ṣeé pààrọ̀. Ọrùn tí kò bá ọwọ́ mu, kò sí oògùn rẹ̀. Mo tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní fret kẹta (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), mo wo àlàfo tó kù lórí fret kìn-ín-ní. Bí ìbú irun orí ló yẹ kó rí. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò gbẹ́ ojú nut, èyí tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, jinlẹ̀ tó, ohùn fret 1 sí 3 yóò sì máa ga jù, bó ti wù kéèyàn yí okùn tó. Okùn kẹta ni mo fi wá àléébù kejì: mo ń yí i sókè díẹ̀díẹ̀, mo ń tẹ́tí. Ti mahogany dún “tíń”, ohùn sì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú nut ti há a mọ́lẹ̀ nìyẹn. Fáìlì kékeré àti ẹ̀dú pẹ́ńsù tó fún un, mi ò sì tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀ ọ́ nìyí. Mo ti okùn tó tín-ín-rín jù sókè láti fret 12 lọ sí 17, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní fret 15, ohùn kú pin. Mo gbé irin tó gún régé lé fret 15, 16 àti 17 lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń mì bíi tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Fret 16 ga ju àwọn tó yí i ká lọ, okùn sì ń forí gbá a. Wọ́n lè rẹ́ ẹ, òótọ́ ni, àmọ́ gìtá tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́.

Okùn nọ́ńbà 10 (èyí tó tín-ín-rín jù nínú wọn jẹ́ 0.010 íńṣì) lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn ní íńṣì 25.5 láti nut dé ibi tó dúró lé lára gìtá ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára nǹkan bí 46 kg, truss rod, irin gígùn inú ọrùn tó ṣeé yí, ló sì ń dá a dúró. Ó wá ku ti alder: mo fi capo, ìdè tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀, dè é ní fret kìn-ín-ní, mo tẹ okùn kẹfà níbi tí ọrùn ti pàdé ara, mo sì ti pẹlẹbẹ irin 0.25 mm bọ abẹ́ rẹ̀ ní fret keje. Ó wọlé láì gbé okùn sókè. Mo ní kí wọ́n yí truss rod náà díẹ̀ lójú mi, kí wọ́n sì dá a padà, torí èyí tí wọ́n ti yí dópin kò ní wúlò mọ́ bí ọrùn bá tún tẹ̀.

Oṣù Kìíní ni mo lọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lọ nígbà náà. Ẹ̀rọ amúlégbóná máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé níbẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ tiwa. Igi á sún kì, etí fret á sì yọ síta. Mo fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọrùn gìtá alder, tó jẹ́ maple tí wọ́n yan nínú ààrò kí omi ara rẹ̀ lè dín kù, ń yọ̀ geere.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó tan amp, láìsí ẹ̀rọ ìyíhùn kankan. Iná Britain àti ti Nàìjíríà jọ jẹ́ 50 Hz, nítorí náà “hùùù” tó ń jáde lára pickup single-coil (èyí tó ní wáyà wíwé kan ṣoṣo) níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé, àfi pé jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà earth máa ń mú un burú sí i. Mo dúró nítòsí amp, mo yí switch sí ipò kejì àti ìkẹrin, níbi tí pickup àárín ti ń bá èkejì rẹ̀ dún pọ̀. Ìró náà lọ sílẹ̀ pátá, torí wọ́n wé wáyà pickup àárín ní òdìkejì. Ipò méjèèjì yìí gan-an ni gìtá jùjú ń gbé.

Sùkúrù mẹ́rin yẹn tún wúlò fún ọkọ̀ òfuurufú: mo tu ọrùn, mo dì í lọ́tọ̀. Nígbà tó dé Èkó, mo tò ó pọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí igi fi mu ooru ilé. Ìdá kan péré nínú mẹ́jọ yíyípo kan ni mo yí truss rod, mo dúró di ọjọ́ kejì kí n tó wọn okùn ní fret 12: 1.5 mm lápá tín-ín-rín, 1.9 mm lápá nínípọn.