Àlejò Ti Kú Nínú Yàrá, Onílé Ò Mọ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí VM

Ní ilé-ìwé kan ní ìhà Ìjùmú, VM tí wọ́n ń kó èsì ìdánwò sí kú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. (VM ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà mìíràn: òun ni àlejò, èyí tó gbà á sínú ni onílé.) Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó fura. Iná ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi (lọ́dọ̀ wa, iná ló máa ń kọ́kọ́ jẹ̀bi), wọ́n tún bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí wọ́n pè mí wá láti Kàbà, mo tẹ virsh list, àṣẹ tó ń fi ipò àwọn VM hàn, ó ní “running”, pé ó ń ṣiṣẹ́. Running kẹ̀! Mo ṣí kọ́ńsóòlù, kernel panic ló kún ojú rẹ̀: kernel, ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ àlejò, ti ṣubú.

Ẹ má gba “running” gbọ́. Ohun tó ń sọ ni pé QEMU, ètò tó ń gbé VM ró lọ́dọ̀ onílé, ò tíì kú. Kò yọjú wo inú àlejò. Bí kernel.panic Linux (ìlà tó ń sọ bóyá yóò tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣubú) bá wà ní 0, ibi tó kú sí náà ni yóò wà. Àlejò tí kò kí yín ní “Ọ̀kun” láti àná, ṣé ẹ ò ní kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni?

Pvpanic ni àlejò fi ń ké. Ẹ̀rọ kékeré kan ni tí QEMU ń fi sínú VM. Tí kernel bá ń ṣubú, dráífà pvpanic inú àlejò á kọ nọ́ńbà kan sí ojú ihò (port) 0x505, QEMU á sì kéde GUEST_PANICKED. Àwọn kan á kọ <panic model='isa'/> sínú XML, fáìlì ètò VM, wọ́n á lọ sùn, láìwò bóyá dráífà náà wà nínú àlejò. Ti Windows yàtọ̀: model='hyperv' ni, ó sì ń fi nọ́ńbà márùn-ún inú ojú búlúù (èyí tí Windows máa ń gbé jáde tó bá ṣubú) ránṣẹ́ sí onílé.

Èyí tó ń dá àwọn ọ̀gá pàápàá láàmú ni kdump, ohun tí Linux fi ń kó mẹ́mórì rẹ̀ pamọ́ nígbà tó bá ṣubú. Tí kdump bá ti wà ní ìmúrasílẹ̀, Linux á fò sínú kernel kejì kó tó ráyè ké sí pvpanic, onílé ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi crash_kexec_post_notifiers sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kernel, kó lè kọ́kọ́ ké kó tó fò. Nígbà náà, GUEST_CRASHLOADED lẹ máa rí, ìyẹn ni pé àlejò fẹ́ tọ́jú òkú ara rẹ̀. Ẹ má pa á lójijì.

Ẹ má fi on_crash (ìlà inú XML tó ń sọ ohun tí onílé máa ṣe bí àlejò bá ṣubú) sílẹ̀ ní destroy, ìyẹn pípa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó pa á. Coredump-restart á kó mẹ́mórì pamọ́ kó tó tún un tàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ààyè dísíìkì: VM tó ní 16 GB lè bí fáìlì tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú àṣẹ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kernel ṣubú nínú àlejò: echo c > /proc/sysrq-trigger. Lórí VM ìdánrawò o, kì í ṣe lórí ti èsì! Tí VM bá kàn dì gbagidi láì ní panic, pvpanic ò ní sọ̀rọ̀. Watchdog (ẹ̀rọ aṣọ́nà tó ń gbé ìgbésẹ̀ bí àlejò bá dákẹ́ pẹ́ jù) bíi i6300esb lẹ máa fi kún un.