Bí Ọ̀gá Bá Ń Ṣe Ojúsàájú Níbi Iṣẹ́

Iṣẹ́ tó pọ̀ kọ́ ló ń sú òṣìṣẹ́ jù. Kí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà lójú kan náà máa pẹ́ dé lójoojúmọ́ kí ọ̀gá má fọhùn, kí ẹ̀yin wá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí kúẹ̀rì dé, ìyẹn gan-an ló ń dunni.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: bí mo bá ṣe ohun tí ẹni yẹn ṣe, ṣé èmi náà á rí ohun tó rí? Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló mọ iṣẹ́ kan tí ọ̀gá nílò. Ẹ lọ kọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ ojúsàájú lóòótọ́, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi í sílé. Ẹ má kọ “ọ̀gá kò fẹ́ràn mi” síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́ 4, oṣù Kẹta. Àwa méjì la béèrè ìsinmi. Wọ́n fún un, wọ́n ní kí n dúró.” Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ parí àti ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti ń lo fọ́ọ̀mù APER, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ìwé yìí lẹ máa ṣí nígbà tí ẹ bá ń kún un. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi ìkánjú kọ ìlà méjì sórí fọ́ọ̀mù tí ìgbéga wọn so mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ọ̀gá ní ẹ̀yin nìkan, nígbà tí inú yín ti rọ̀. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí orúkọ mi lè wà lára àwọn tó ń lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀?” Ẹ fi ímeèlì dúpẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n sọ sínú rẹ̀.

Ẹ má bá ààyò ọ̀gá jà. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí WhatsApp ọ́fíìsì.

Bó bá jẹ́ nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí pé ẹ jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìbínú. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba ìjọba láyè irú rẹ̀. Láti ìgbà àtúnṣe òfin ọdún 2010 sì ni National Industrial Court ti ní agbára lórí ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, títí kan ilé-iṣẹ́ aládàáni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ sì fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí.

Bí ohunkóhun kò bá yí padà, ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí owó oṣù tó wà lọ́wọ́ kò tíì dáwọ́ dúró.